Elégédé Tí Màmá Cuca Fi Ránṣẹ́

Ní ìdílé Bracamonte, àbíkẹ́yìn obìnrin ló ń jogún ìyá. Kì í ṣe ilé ni mo wí o, kì í ṣe ilẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni. Àwọn yòókù á lọ́kọ, wọ́n á láya, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ. Àbíkẹ́yìn á dúró. Á máa sebẹ̀, á máa fọṣọ, á máa gé èékánná ẹsẹ̀ ìyá, títí ọjọ́ tí Ọlọ́run bá fi pe ìyá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sonora, ilẹ̀ wọn lódìkejì ẹnubodè, nìyẹn kí bàbá wọn tó kó wọn wá sí Tucson, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá àbíkẹ́yìn jókòó kó bi í pé, ìwọ, ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Hortensia ni àbíkẹ́yìn tiwọn. Tencha ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun, kò sì sí ọkùnrin kan tó tìtorí rẹ̀ jókòó mu kọfí nílé wọn rí. Kí n má purọ́, ọ̀kan gbìyànjú nígbà tó wà lọ́mọge. Màmá Cuca, ìyá rẹ̀, wo ọkùnrin náà láti orí dé bàtà báyìí, ọkùnrin náà ò padà wá mọ́.

Màmá Cuca yìí kéré lára, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ṣùgbọ́n tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yàrá, kò sẹ́ni tó máa jókòó nínú ilé náà. Tencha ti bá ìwúkọ́ yẹn gbé débi pé tó bá tiẹ̀ wà nílé ìwẹ̀, tó gbọ́ ọ, á ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ rí. Á jókòó, á dìde. Á gbé abọ́, á gbé e padà. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni tirẹ̀. Chelo, aládùúgbò wọn, máa ń wá bá ìyá ta káàdì títí dọ̀sán, Tencha á sì wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, á wa mọ́tò lọ sí ọgbà àbàtà, ibi tó ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Màmá Cuca ò fẹ́ràn ọgbà náà. “Nínú gbogbo aṣálẹ̀ tí Ọlọ́run dá yìí,” ló máa ń wí, “ibi tí wọ́n da omi ìgbẹ́ sí lọmọ tèmi lọ ń ṣeré.”

“Wọ́n ti fọ omi náà, Màmá. Ó mọ́.”

“Mu ún kí n rí ọ.”

Irọ́ kọ́ ni ìyá ń pa. Omi tí gbogbo Tucson fi wẹ̀, tí wọ́n fi ṣan ilé ìgbẹ́, ibi iṣẹ́ omi ló ń sẹ́ ẹ, tó ń da díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àwọn adágún ọgbà yẹn. Koríko etí omi ti ga níbẹ̀ ju ènìyàn lọ, àwọn ẹyẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti òkè àríwá máa ń bà síbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ, àti àwọn ẹyẹ dúdú olórí pupa yòò bíi pupa inú ẹyin. Ibẹ̀ nìkan ni èémí Tencha ti ń jáde tán.

Olórí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ ni Nellie Antone, ọmọ O'odham, àwọn tó nilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Obìnrin ńlá ni, ẹ̀rín rẹ̀ á lé pẹ́pẹ́yẹ kúrò lórí omi. Òfin rẹ̀ ni pé méjì méjì ni kí wọ́n máa ṣiṣẹ́: ẹnì kan á lu ihò, ẹnì kejì á ri igi. Ní Fẹ́búárì ọdún yẹn, wọ́n ń gbin igi etí omi. Ẹ̀ka gbọọrọ lásán ni, ẹ kàn máa ri ìdí rẹ̀ bọ ẹrẹ̀, á hù fúnra rẹ̀. Nellie mú ọkùnrin tuntun kan wá, òyìnbó gíga, ojú rẹ̀ pọ́n lábẹ́ fìlà.

“Tencha, Wendell rèé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì. Má jẹ̀ẹ́ kó kú sínú omi.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tencha ń lu ihò lọ níwájú, ó ń yára, nítorí ó ní láti délé kí Chelo tó lọ. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó dúró.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo igi tẹ́ ẹ ri yìí, ìdí wọn ló wà lókè o.”

“Ìdí?” Èdè Sonora tí àwọn Tencha ń sọ nílé ló fi dáhùn. Ẹnu ya Tencha.

“Ẹ̀ẹ́n. Orí lẹ ri mọ́ ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá ri ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa hù?”

Ọkùnrin náà wo ìlà gígùn tó ti gbìn. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ṣí fìlà. “Yéèpà. Mo rò pé wọ́n á mọ̀nà fúnra wọn ni.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tencha. Kì í ṣe ẹ̀rín ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ̀rín tó ń mú ni dikùn mú ni. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń fa igi tu, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lójú.

“Níbo lẹ ti kọ́ èdè wa?” ló bi í.

“Níbi iṣẹ́ omi, ibẹ̀ yẹn gan-an.” Ó nawọ́ sí ìhà ibi tí omi ti ń wá. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá àwọn ará Nogales àti Hermosillo ní Sonora ṣiṣẹ́. Àwọn ló kọ́ mi. Àwọn ọmọ burúkú yẹn, èèyàn dáadáa ni wọ́n.”

Tencha gbọ́ ọ. Bí tọ́ọ̀gì inú gáréèjì ló ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀. Wendell Haugen ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò bímọ. Nígbà tí Tencha délé lọ́jọ́ náà, Chelo ti wọ bàtà, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“O pẹ́,” ni Màmá Cuca wí láti orí àga. “Kí lo ń rẹ́rìn-ín sí?”

“Mi ò rẹ́rìn-ín, Màmá.”

“Ẹrẹ̀ wà léyín rẹ.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀sẹ̀ ti gùn mọ́ Tencha lọ́wọ́. Mọ́ńdè á dé, á dúró bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ. Ní Sátidé, á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wendell á ti dúró níbi tí wọ́n ń kó ọkọ́ sí, omi yìnyín á wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgò méjì. Wọn ò sọ nǹkan kan tó le. Ó máa ń bi í léèrè orúkọ ẹyẹ, Tencha á sọ fún un, ó máa ń gbàgbé, á tún bi í. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Tencha tó fura pé kì í gbàgbé rárá.

Kí ni mò ń ṣe yìí? ló ń bi ara rẹ̀ nígbà tó bá ń wakọ̀ lọ sílé. Ṣé èmi ni mò ń kun ètè láti lọ gé koríko? Àgbàlagbà bíi tèmi! Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, á tún kùn ún.

Nígbà tí ooru dé, Nellie ti ọgbà náà pa. Láti ìgbà ooru gbígbóná títí òjò á fi lọ, wọn kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀fọn á pọ̀, oòrùn á sì fẹ́ pa arúgbó. Ojú Tencha rí màbo. Bíi kìnnìún inú àgò, bẹ́ẹ̀ ló ń rìn kiri nínú ilé. Á ṣí fèrèsé, á tì í. Á fọ aṣọ tó ti mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, fóònù dún. Wendell ni.

“Tencha, wá gbọ́.” Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè ní ẹ̀bá ọgbà, ariwo ọ̀pọ̀lọ́ gba etí obìnrin náà kan. “Wọ́n ti jáde! Inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn sá sí látẹ̀yìnwá. Wọ́n ń wá ìyàwó.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wa.”

Tencha rọra jókòó. Ó di fóònù mú, ó ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́, ọkàn òun náà ń ṣe kì-kì-kì. Láti inú yàrá, Màmá Cuca wúkọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà ni Wendell là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí tí òjò gbé wá kúrò lọ́nà. Ó dúró pẹ̀lú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti jẹrà lọ́wọ́.

“Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Tencha. Tí o bá rò pé mo ya wèrè, sọ fún mi, n ó máa kó ìdọ̀tí mi lọ.”

“O ò ya wèrè.” Ó ń wo ilẹ̀. “Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń bi. Ìyá mi ni. Ìwọ náà kọ́ lo máa lọ bi í. O máa rán àgbàlagbà lọ, àwọn ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwọ á jókòó síta.”

“Lọ́jọ́ orí wa yìí?”

“Wendell, ní ilé wa, ọmọdé ni mí.”

Bó ṣe di pé Nellie Antone di alárinà nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ wọ aṣọ ìgbà àjọ̀dún, wọ́n lọ sílé Màmá Cuca lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wendell jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Tencha wà ní kíṣìnì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ti da kọfí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Màmá,” ni Nellie wí, “ọkùnrin rere ni. Ó ní ilé. Kì í mutí. Ó ń bọ̀wọ̀ fáwọn àgbà.”

“Iṣẹ́ wo ló ṣe?”

Nellie wo ọkọ rẹ̀. “Iṣẹ́ omi ni, Màmá.”

“Omi wo?”

“Omi... tó ń lọ.”

“Omi ìgbẹ́,” ni Màmá Cuca wí. “Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ro ìgbẹ́ wa, òun ló wá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi.” Ó mu kọfí rẹ̀ tán pátápátá, ó nu ẹnu. “Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìrìn. Tencha! Lọ mú elégédé tó tóbi jù ní ẹ̀yìnkùlé, kó o gbé e fún ọ̀gbẹ́ni tó wà níta.”

Tencha da kọfí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ní Sonora láyé àtijọ́, bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, táwọn òbí ò bá fẹ́, wọn kì í la ẹnu sọ pé rárá. Ìtìjú ni. Elégédé ni wọ́n ń fún àlejò gbé lọ. Àrokò ni. Ẹni tó bá ti rí elégédé, á fa fìlà bojú, á gba ọ̀nà ilé, kò sẹ́ni tó máa tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọ O'odham ni Nellie, àwọn èèyàn tirẹ̀ ń fi elégédé ṣe ara wọn lálejò ni, inú rẹ̀ sì dùn. Ó tiẹ̀ ní, “Ẹ wò ó bó ṣe tóbi!”

Tencha gbé elégédé náà bí ẹni gbé òkú ọmọ. Ó mọ̀ pé ìyá òun wà lójú fèrèsé. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, Wendell ti bọ́ sílẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ tàn bí tọmọ tí wọ́n fún ní ẹran.

“Tèmi ni? Ìyá ló ní kí wọ́n fún mi?”

Ó yẹ kó sọ fún un. Ó la ẹnu. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ pa elégédé náà lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ.

“Tìẹ ni,” ló wí, ó sì sáré wọlé.

Kò sùn dáadáa. Tó bá dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún, ojú Wendell ni. Tó bá yí sí òsì, elégédé ni.

Lọ́jọ́ kejì, agogo ilé dún. Chelo, tó yà wá kí ìyá, ló lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò ní gbàgbọ́: Wendell ló dúró níbẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, páì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yọ èéfín.

“Màmá!” Ó kígbe wọlé pẹ̀lú èdè gáréèjì rẹ̀. “Ẹ wà ńbẹ̀! Mo gbà fún yín! Elégédé yín yẹn, mo ti sè é. Mo ní kò dáa kí n dá nìkan jẹ ẹ́.”

Chelo fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jókòó. Tencha ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ lanu. Màmá Cuca wo páì náà, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo páì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àti ìyá rẹ̀, àti ìyá ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n kọ ọkùnrin, ọkùnrin wá fi kíkọ̀ náà ṣe oúnjẹ gbé padà wá.

“Ẹ gé e,” ló wí.

Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka kó èyí tó kù nínú abọ́. Ejìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n rò pé àìsàn ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ó wá nu ojú, ojú rẹ̀ sì le padà bó ṣe wà.

“Ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Sin àlejò jáde, Tencha.”

Lẹ́nu géètì ni Tencha ti sọ òótọ́ fún un. “Wendell, elégédé yẹn, rárá ni.”

“Rárá kí ni?”

“Rárá, wọn ò fún ọ. Ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ fún ọ lánàá, ẹnu mi ò gbà á.”

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó fọwọ́ nu iwájú orí. “Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.”

“Ẹ̀ẹ́n?”

“Ìyá rẹ. Ó jẹ rárá ẹ̀ tán, ó tún lá abọ́.”

Tencha fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Ẹni tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dà rú dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Evaristo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wa mọ́tò wá láti Phoenix. Chelo ló ti lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì jókòó.

“Tencha, kí ni mò ń gbọ́? Lọ́jọ́ orí rẹ? Kí làwọn èèyàn máa wí?”

“Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n wí, Ẹ̀gbọ́n?”

“Tí o bá lọ, ta ló máa tọ́jú Màmá?”

“Ẹ ní yàrá mẹ́ta ní Phoenix.”

Ó wúkọ́, ó wo ìlẹ̀kùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wò ó, àbúrò mi. Mi ò ní kó o má lọ́kọ láéláé. Ní sùúrù ni mo wí. Màmá ti dàgbà. Kò lè pẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, o lè ṣe ohun tó wù ọ́. Ọkùnrin náà, tó bá fẹ́ ọ lóòótọ́, á dúró. Ṣùgbọ́n fún ìgbà tá a wà yìí, má lọ sí ọgbà yẹn mọ́. Ṣé o ti gbọ́?”

Tencha ti ń gbọ́ràn sí ẹni tó jù ú lọ láti kékeré. Ó ní òun ti gbọ́. Ó fi bàtà rọ́bà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Chelo ò wá ní Sátidé mọ́.

Wendell pè é. “N ó dúró,” ló wí. “Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Títí di ìgbà wo?”

Tencha gbé fóònù náà sílẹ̀, ìbéèrè yẹn ò kúrò létí rẹ̀. Títí di ìgbà wo? Nígbà tó bá ń wẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tí egungun ẹ̀yìn ìyá ń gún un lọ́wọ́ lábẹ́ ọṣẹ, ìbéèrè náà á dé. Nígbà tí dókítà bá ní ọkàn ìyá lágbára bíi ti màlúù, inú rẹ̀ á dùn, ohun kan á sì ṣubú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa wò ó bí ẹni rí ejò nínú ilé.

Tí òtútù bá ti mú, wọ́n máa ń dáná sun koríko etí omi nínú ọgbà yẹn lọ́dọọdún kí ẹ̀fọn má bàa rí ibùgbé. Àwọn panápaná ló ń tanná ràn án, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé, wọ́n á sì gbá eérú lẹ́yìn tó bá tán. Ọjọ́ tí gbogbo wọn ń pé nìyẹn. Láti ojú fèrèsé ilé ni Tencha ti rí èéfín náà, ó dúdú, ó ń yípo gòkè. Ó lọ sí kíṣìnì, ó padà. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí ilẹ̀.

“Jókòó, Tencha.”

“Mo jókòó, Màmá.”

“O ò jókòó. Ìdí rẹ wà lórí àga, ìwọ wà lọ́hùn-ún nínú èéfín yẹn.” Ìyá yí ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. “Kí ni? Mo so ọ́ mọ́lẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ti gbà láti ní sùúrù.”

Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó kàn gbọ́ tó ń jáde lẹ́nu òun.

“Màmá, ṣé ẹ mọ sùúrù tí Evaristo ní kí n ní? Ó ní ẹ ti dàgbà, ẹ ò ní pẹ́ mọ́. Ó ní kí n dúró. Ikú yín ló ní kí n máa dúró dè.” Ó yíjú kúrò ní fèrèsé. “Láàárọ̀ yìí, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó jí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, mo ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹ ń mí. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́, Màmá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ di irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sí yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ́kọ nígbà tẹ́ ẹ wà láyé, kí n lè máa gbàdúrà kẹ́ ẹ pẹ́.”

Fìríìjì nìkan ló ń kùn.

“Mo ń mí,” ni Màmá Cuca wí nígbà tó yá.

“Mo gbọ́, Màmá.”

“Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti jí tipẹ́. Mo dùbúlẹ̀ láti wo ohun tí wàá ṣe.”

Tencha ò lè gbé ojú sókè. “Kí ni mo ṣe?”

“O lọ gbé kọfí wá.” Ìyá wo èéfín náà títí. “Bàbá rẹ kú, mo ní ọ. Àwọn yòókù lọ, mo ní ọ. Mo rò pé bí mo bá di ọ́ mú, kò sóhun tó máa ṣe mí. Mi ò mọ̀ pé ibi tí mo dì mú ti ń jẹrà.” Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀. “Pe obìnrin O'odham yẹn. Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe wá lọ́jọ́sí, kò bójú mu. Èèyàn méjì! Ewúrẹ́ ni wọ́n wá rà ni? Ọkùnrin náà ò lẹ́bí?”

“Kò ní, Màmá. Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Wọn ò bímọ.”

“Kó lọ wá ẹbí.”

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹbí dé. Gbogbo àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn lọ́gbà àbàtà ni Nellie kó wá. Arúgbó lọ́tùn-ún, arúgbó lósì, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn míì pẹ̀lú fìlà fífẹ̀. Wọ́n kún pálọ̀, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ìyá ní kí Wendell náà wọlé. Ẹnì kan gbé bùrẹ́dì wá, òmíràn gbé tamales, òlèlè àgbàdo àwọn ará Sonora, ọkùnrin kan so awò ńlá mọ́rùn.

“Ta nìyẹn?” ni Màmá Cuca bi. “Ṣé ó wá ṣọ́ mi ni?”

“Ẹyẹ ló ń wò, Màmá,” ni Nellie wí. “Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ìyá ọkọ ni mí.”

“Ọmọ rẹ fi ọdún púpọ̀ jù ọ́ lọ.”

“Ìyà ló jẹ ẹ́, Màmá, òun la ṣe wá bá a fẹ́yàwó.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Evaristo ò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé láti Phoenix, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀ bí ọlọ́pàá. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Tí Tencha bá lọ—”

“Ilé ọkùnrin yìí, báwo ló ṣe jìnnà tó?” ni ìyá bi, ó kọjú sí Wendell. Àwọn tó wá bá a tọrọ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, nítorí náà ó kàn fọwọ́ júwe òpópónà, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

“Kò jìnnà, Màmá,” ni Nellie dáhùn fún un. “Tẹ́ ẹ bá wúkọ́, Tencha á gbọ́.”

“Àárọ̀ ni kí Tencha máa wá, kó wẹ̀ mí. Alẹ́, kó máa lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ìwọ, Evaristo, sọ fún ìyàwó rẹ kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó, mò ń bá ọ lọ sí Phoenix, n ó ṣe oṣù kan níbẹ̀. Bóyá méjì. Mi ò lè pẹ́ mọ́, àbí? Ẹ jẹ́ kí n yára rí ilé yín.”

Ẹnu Evaristo là, ó pa dé.

Ìyá wá yíjú sí ọ̀nà kíṣìnì. “Tencha. Wá síbí.”

Tencha jáde wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Gbogbo ojú yí sí i. Wendell wà lórí àga tó kéré jù fún un, eékún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n.

“Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti sọ̀rọ̀,” ni Màmá Cuca wí. “Èmi náà ti sọ̀rọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ ẹ?”

Ìbéèrè kékeré ni. Wọ́n ti bi í rí bóyá ọbẹ̀ ti jinná, wọ́n ti bi í bóyá oògùn wà nílé, wọ́n ti bi í ìgbà tó máa dé. Èyí, wọn ò bi í rí. Ó wo Wendell. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ọ̀pá.

“Mo fẹ́ ẹ,” ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mi ò gbọ́.”

“Mo fẹ́ ẹ, Màmá.”

“Kí ló wí? Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?”

Tencha mí kanlẹ̀. “MO FẸ́ Ẹ!”

Ajá inú ilé Chelo bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ajá ilé kejì dá a lóhùn. Lókè òpópónà, ẹnì kan ṣí fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn Bracamonte, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn àbíkẹ́yìn wọn rí.

“Ẹ̀ẹ́n,” ni Màmá Cuca wí. “Ó ti wọ̀ mí létí báyìí.”